Ọmọ Tí Ń Tọ̀ Sára: Ẹ Wádìí Kí Ẹ Tó Nà Án

Ní ọ̀tẹ̀ yìí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun kan tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ sọ síta. Ẹ̀yin náà ti rí i: ẹní tí a sá sí ẹ̀yìnkùlé ní kùtùkùtù òwúrọ̀, aṣọ ìbora tí ń rùn, ọmọkùnrin tí kò fẹ́ lọ sùn ní ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ nígbà ọlidé, ọmọbìnrin tí ó fi àpò ìwé bo ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ bí ó ti ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí ń tọ̀ sílé ni, ìbáà ṣe ní òru tàbí ní ọ̀sán.

Nígbà tí àwa wà ní kékeré, wọn a gbé ẹní tútù lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórí, wọn a ní kí ó yí agbo ilé ká, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa kọrin yẹ̀yẹ́ tẹ̀lé e. Ó dá àwọn àgbà lójú pé ìtìjú ni yóò wò ó sàn. Àwọn kan sàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtìjú ni ó wò wọ́n, ọjọ́ orí ni. Àwọn tí kò sì sàn ru ìtìjú náà dàgbà. A kò sọ èyí láti fi bú àwọn òbí wa, nítorí àwa náà ti ṣe irú rẹ̀ rí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé wa

Ọmọbìnrin kan wà ní ọ̀dọ̀ wa, ó jẹ́ ọmọ ọdún méje. Láti ìgbà tí ó ti pé ọdún mẹ́ta ni kò ti tọ̀ sára mọ́. Nígbà tí ó wọ kíláàsì CE1 ni nǹkan yí padà. Ó ń ti ilé ẹ̀kọ́ dé pẹ̀lú ṣòkòtò abẹ́ tútù, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá ń ṣeré, a ó rí i tí yóò kàn lóṣòó lójijì, tí yóò fi gìgísẹ̀ ti abẹ́ ara rẹ̀, tí ojú rẹ̀ yóò sì le. A rò pé eré ni ó gbà á lọ́kàn. A bá a wí, a sì nà án. A ní kí ó máa fọ aṣọ náà fúnra rẹ̀ níwájú àwọn àbúrò rẹ̀. Kò dá a dúró. Kàkà bẹ́ẹ̀, kò mu omi ní òwúrọ̀ mọ́, ó sì ń fi aṣọ tútù pamọ́ sí abẹ́ ibùsùn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ara rẹ̀ gbóná bí iná. Bí ó bá fẹ́ tọ̀, yóò bú sẹ́kún. Nígbà náà ni a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì gbà wá, ó tẹ́tí sí wa títí a fi parí ẹjọ́ tí a ń rò mọ́ ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

“Màmá, ẹ̀ẹ̀melòó ni ọmọ yìí ń ṣe ìgbẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀?”

A wo ojú ara wa. Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ó dáhùn pẹ̀lú ohùn kékeré pé, “Ìyá, ó máa ń pẹ́. Ó sì máa ń dùn mí.”

“Ní ilé ẹ̀kọ́ ńkọ́, ọmọ mi, ibo ni o ti ń tọ̀?”

“N kì í tọ̀ níbẹ̀, Ìyá. Ilé ìgbẹ́ náà kò ní ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọkùnrin máa ń yọjú.”

Ẹ̀yin ará, ojú tì wá. Ọmọ ọdún méje ti ń di ìtọ̀ mú láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, ó tún ń dì í mú ní ìrọ̀lẹ́, nítorí kí wọ́n má baà rí ìhòhò rẹ̀. Àwa tí ó yẹ kí a béèrè ni a ń nà án.

Bí àpò ìtọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́

Kí a tó lè ran ọmọ lọ́wọ́, ó yẹ kí a mọ bí Ọlọ́run ṣe dá ibẹ̀. Kíndìnrín méjì ni ó ń sẹ́ ìtọ̀ láti inú ẹ̀jẹ̀. Ìtọ̀ náà ń gba inú òpó tín-ínrín méjì sọ̀ kalẹ̀ sínú àpò ìtọ̀ tí ó wà ní abẹ́ ìdodo. Ẹran ara tí ó lè fẹ̀, tí ó sì lè sún kì, ni a fi ṣe àpò náà. Ní ẹnu rẹ̀ ni iṣan kan wà tí ó dì í pa bí okùn ẹnu àpò. Bí àpò bá ń kún, ó ń ránṣẹ́ gba inú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí ọpọlọ. Bí àyè bá wà láti tọ̀, ọpọlọ yóò ní kí ẹnu àpò tú, kí àpò sì sún kì. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan: bí ọ̀kan ti ń tì í jáde, kí èkejì máa ṣílẹ̀kùn.

Ìkókó kò mọ èyí. Bí àpò rẹ̀ bá ti kún, ó ti tọ̀ nìyẹn. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ máa ń mọ̀ ọ́n ní ọ̀sán láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, ti òru sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpò náà ń dàgbà pẹ̀lú ọmọ. Bí a bá fẹ́ mọ bí ó ṣe yẹ kí ó gbà tó, kí a fi 1 kún ọjọ́ orí rẹ̀, kí a sì sọ ọ́ di ìlọ́po 30. Fún ọmọ ọdún mẹ́fà, 7 lọ́nà 30 jẹ́ 210, ìyẹn mìlílítà 210. Ti ọmọ ọdún mẹ́wàá jẹ́ 330, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdámẹ́ta lítà kan.

Ọmọ tí ń di ìtọ̀ mú ní gbogbo ìgbà ń kọ́ iṣan ẹnu àpò láti má ṣe tú. Tí ó bá wá yá, bí ó tilẹ̀ fẹ́ tọ̀, ẹnu àpò náà kò ní tú dáadáa mọ́. Àpò yóò máa bá ẹnu ara rẹ̀ jà. Ìtọ̀ díẹ̀ yóò kù sí ìsàlẹ̀, kòkòrò àrùn yóò sì máa bí sí i nínú rẹ̀, bí omi tí kò ṣàn ti ń dóòórùn. Ní ọdún 1973, àwọn dókítà Hinman àti Baumann ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí iṣan àti ọ̀pá ẹ̀yìn wọn kò ní àbùkù kankan, ṣùgbọ́n tí àpò ìtọ̀ wọn ti bàjẹ́ nítorí ìjà báyìí. Ìtọ̀ lè ti ibẹ̀ padà sókè, kí ó sì ba kíndìnrín jẹ́. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ aṣọ tútù lọ.

Ìgbẹ́ tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yìn àpò ìtọ̀ gan-an ni ìfun ńlá ti ìsàlẹ̀ wà. Bí ìgbẹ́ líle bá kún inú rẹ̀, yóò tẹ àpò mọ́lẹ̀, àpò kò ní lè gba ohun tí ó yẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò ní lè tú tán. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì fi kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ lọ́wọ́ wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó máa ń sàn ju ìdajì lọ bí a bá ti tún ọ̀nà ìgbẹ́ wọn ṣe.

Ìwé kékeré kan àti ojú tí ń wò

Ìyá nọ́ọ̀sì ri ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú ìtọ̀ ọmọ náà, àwọ̀ rẹ̀ yí padà, ó sì hàn pé kòkòrò àrùn wà níbẹ̀. Ó fún un ní oògùn, ó sì kìlọ̀ pé kí a lò ó tán bí ara bá tilẹ̀ ti yá. Lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀ kan tí a kò gbàgbé: “Oògùn yóò lé àrùn jáde, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá tún ilé ṣe, àrùn náà yóò padà wá.” Ó ní kí a mú ìwé kékeré kan, kí a sì kọ nǹkan wọ̀nyí sínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta:

1. Àkókò tí ọmọ tọ̀, àti bí ó ṣe pọ̀ tó. A fi ike tí a fi ìlà sí lára wọ̀n ọ́n.
2. Ohun tí ó mu, àti àkókò rẹ̀.
3. Ìgbà tí ara rẹ̀ tutù, ìbáà ṣe díẹ̀ tàbí púpọ̀.
4. Ọjọ́ tí ó ṣe ìgbẹ́, bóyá ó le tàbí ó rọ̀.

Fún ọmọ tí ó ń tọ̀ ní òru, kí a kọ ti òru méje.

Ìwé náà ṣí ojú wa. Ọmọ tí ara rẹ̀ dá máa ń tọ̀ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹrin sí ẹ̀ẹ̀meje lójúmọ́. Tiwa kì í tọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Ìgbẹ́ sì di ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin. Ẹni tí kò mọ̀wé lè fa ìlà sára ògiri, iṣẹ́ kan náà ni yóò ṣe.

Àmì tí kò gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀la

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ń tọ̀ sílé kò ní àrùn ńlá kankan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara:

Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, tí ẹ̀yìn tàbí ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú tàbí tí ó ń rùn. Ìkókó tí ara rẹ̀ kàn ń gbóná, tí ó ń bì, láìsí ìdí mìíràn, lè ní àrùn inú ìtọ̀ pẹ̀lú.

Ọmọkùnrin tí ìtọ̀ rẹ̀ kì í ta jáde, tí ó ń kán tó, tó, tàbí tí ó ń fi agídí tì í jáde. Àwọ̀ kan lè dínà fún un láti inú oyún wá, kíndìnrín sì ni yóò jìyà rẹ̀.

Ọmọ tí kò gbẹ rárá, tí ìtọ̀ ń jò lára rẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú, bí ó tilẹ̀ ń tọ̀ dáadáa pẹ̀lú.

Ọmọ tí ó ti fi oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sùn ní gbígbẹ, tí ó tún wá bẹ̀rẹ̀, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ gidigidi, tí ó sì ń rù. Èyí lè jẹ́ àtọ̀gbẹ. Kí a má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí a tó gbé e lọ.

Ọmọ tí irun, kòtò tàbí kókó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára mọ́.

Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó ṣòro láti sọ. Nígbà mìíràn, ọmọ tí ó ti jáwọ́ a tún bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ẹ̀rù ń bà á, tàbí nítorí pé ẹnìkan ń fi ọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ. Ẹ bi í léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ sì gba ohun tí ó bá sọ gbọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ń wẹ̀ lódò

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lẹ́bàá odò Ouémé tàbí Okpara, tàbí lẹ́bàá adágún omi, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní bilharziose wà ní ilẹ̀ wa. Dókítà ará Jámánì kan, Theodor Bilharz, ni ó rí kòkòrò rẹ̀ ní ìlú Kairo ní ọdún 1851. Bí ẹni tí ó ní in bá tọ̀ sínú omi, ẹyin kòkòrò náà yóò pa, yóò wọ inú ìgbín omi kékeré, yóò sì ti ibẹ̀ jáde láti wọ ara ẹni tí ó bá tẹ omi náà. Àpò ìtọ̀ ni ó máa ń bàjẹ́. Ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń hàn ní òpin ìtọ̀. Àwọn kan rò pé àmì pé ọmọkùnrin ti ń dàgbà ni, ẹ má ṣe gbà á gbọ́. Oògùn tí ń jẹ́ praziquantel ń wò ó, a sì máa ń pín in fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ibi tí àrùn náà bá wà. Bí àwọn apínni bá dé, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín gbà á. Kí a má sì tọ̀ sínú odò.

Bí a ṣe ń tún àpò ìtọ̀ kọ́

Oògùn nìkan kọ́ ni ó wo ọmọ wa sàn, ìlànà ni. Ìlànà náà nìyí:

Kí ọmọ lọ tọ̀ ní wákàtí méjì sí mẹ́ta ní gbogbo ọ̀sán, bí ìtọ̀ gbọ̀n ọ́n tàbí kò gbọ̀n ọ́n: bí ó bá jí, kí ó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ní àkókò eré, ní ọ̀sán, bí ó bá dé, kí ó tó sùn. Kí a má ṣe fi ìbínú rán an létí.

Kí ó fara balẹ̀ tọ̀ tán. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ dáadáa, kí orúnkún rẹ̀ ya ara, kí ó má ṣe dúró lóṣòó-lóṣòó bí ẹni tí ń sá. Bí ihò ilé ìgbẹ́ bá ń dẹ́rù bà á, ẹ fún un ní póò. Bí ó bá tán, kí ó dúró díẹ̀, kí ó sì tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí ọmọbìnrin nu ara láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn.

Kí ó mu omi dáadáa. Ọ̀pọ̀ òbí a máa fi omi du ọmọ, èyí kò dára. Ìtọ̀ tí ó ki máa ń ta àpò lára, omi tí kò tó sì ń mú ìgbẹ́ le. Ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ nílò bí lítà kan tàbí kí ó lé díẹ̀ lójúmọ́, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àkókò ooru. Kí ó mu púpọ̀ ní òwúrọ̀ àti ọ̀sán, kí ó sì dín in kù bí ó bá ku nǹkan bí wákàtí kan kí ó sùn. Kọfí, tíì àti kóólà kò dára fún un.

Kí ìgbẹ́ rẹ̀ máa rọ̀. Ìbẹ́pẹ, ọsàn, ewébẹ̀ àti ẹ̀wà dára. Kí ó jókòó fún ìgbẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ lójoojúmọ́. Bí kò bá tó, nọ́ọ̀sì yóò fún un ní oògùn tí ń mú un rọ̀. Ẹ má ṣe fi àgbo líle fọ inú ọmọ.

Àwa bàbá ilé wá lọ rí olórí ilé ẹ̀kọ́ náà. A kò bá a jà. Ní ọjọ́ Sátidé kan, àwa òbí mẹ́rin gbé pákó àti ìṣó lọ, a kan ilẹ̀kùn méjì, a sì yà ti àwọn obìnrin sọ́tọ̀. Olùkọ́ gbà pé kí ọmọ náà máa jáde láìtọrọ àyè níwájú gbogbo kíláàsì. Ní oṣù kìíní, aṣọ ṣì ń tutù. Ní oṣù kẹta, ó di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kí ọdún ẹ̀kọ́ tó parí, ó ti tán. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ti òru yàtọ̀ díẹ̀

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tí ó ń tọ̀ lórí ẹní kò ní àrùn. Nínú ọmọ ọlọ́dún márùn-ún 100, nǹkan bí 15 ni ó ṣì ń tọ̀ ní òru. Nígbà tí wọ́n bá fi tó ọdún mẹ́wàá, nǹkan bí 5 ni yóò kù. Oorun wọn wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í gbọ́ ìránṣẹ́ àpò. Ìtọ̀ àwọn mìíràn ń pọ̀ jù ní òru, tàbí kí àpò wọn má gbà púpọ̀. Kò sí ọ̀lẹ nínú rẹ̀, kò sì sí àjẹ́. Ó máa ń wọ́pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ní àrùn ẹ̀jẹ̀ fòníkú-fọ̀ladìde. Omi ni wọ́n nílò jù, nítorí náà kí a má ṣe fi dù wọ́n láé.

Ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Ní agbo ilé wa, ìyá àgbà kan dákẹ́ títí wọ́n fi bú ọmọ ọmọ rẹ̀ tán, ó wá wí fún bàbá ọmọ náà pé, “Ìwọ náà tọ̀ lórí ẹní mi títí o fi pé ọdún mọ́kànlá.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó sì fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ yẹn kò ti fi ẹní pamọ́ mọ́.

Kí ọmọ tọ̀ kí ó tó sùn, kí àtùpà wà ní ọ̀nà ilé ìgbẹ́, kí a tẹ́ ọ̀rá sí abẹ́ ẹní. Bí ó bá ti pé ọdún mẹ́fà sí méje, tí ó sì ń dà á láàmú, ìrànlọ́wọ́ wà. Ní 1938, tọkọtaya Mowrer ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa agogo kan tí ń dún bí ìtọ̀ bá ti kan ẹní. Títí di òní, bí ọmọ bá lò ó fún oṣù méjì sí mẹ́ta, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ó ń ṣe láǹfààní. Oògùn desmopressin tún wà tí ń dín ìtọ̀ òru kù, ṣùgbọ́n dókítà nìkan ni kí ó fún ni, ọmọ kò sì gbọ́dọ̀ mu omi púpọ̀ lẹ́yìn tí ó bá lò ó.

Àwọn ọmọ tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn kò pa dé

A bí àwọn ọmọ mìíràn pẹ̀lú ọ̀pá ẹ̀yìn tí kò pa dé. Ìránṣẹ́ àpò ìtọ̀ wọn kì í dé ọpọlọ. Tẹ́lẹ̀ rí, àrùn kíndìnrín ni ó ń pa púpọ̀ nínú wọn. Ní ọdún 1972, dókítà Jack Lapides ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí a bá ń fi ọ̀pá rọ́bà tín-ínrín tí ó mọ́ fa ìtọ̀ jáde lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́, kíndìnrín yóò wà láàyè. Ìyá lè kọ́ ọ, ọmọ náà lè kọ́ ọ bí ó bá dàgbà. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà ní àdúgbò yín, ẹ má ṣe fi í pamọ́ sínú yàrá. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ̀yin ìyàwó tí ẹ ń retí oyún, oògùn acide folique tí a bá lò kí oyún tó dúró àti ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ń dín irú àbùkù yìí kù.

Ẹ̀yin òbí, bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi òsì fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìtọ̀ kò ní ìbáwí nínú rárá. Ọmọ kì í mọ̀ọ́mọ̀ sùn sínú omi. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ bi ọmọ yín léèrè: “Ibo ni o ti ń tọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́?” Bí ó bá dákẹ́, kí ẹ lọ wo ibẹ̀ fúnra yín. Bí ilẹ̀kùn kò bá sí, pákó kò wọ́n tó kíndìnrín ọmọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.